Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ́ńdósíkópù Wo Ọ̀nà Oúnjẹ Ọmọdé Láìpa Á Lára

Túùbù tí akunnilóorun ń kì bọ ọ̀nà èémí ọmọ ọdún kan, mílímítà 4 péré ni inú rẹ̀ fẹ̀. Okùn ẹ́ńdósíkópù, okùn oníkámẹ́rà tí a fi ń wo inú àgbàlagbà, nípọn tó mílímítà 9 sí 10, ẹ̀yìn ọ̀nà èémí yìí gan-an ló sì máa gbà kọjá. Ẹran tó pààlà láàárín ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ rọ̀ púpọ̀. Bí ohun tó nípọn bá wọ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á fún pọ̀. Bí ẹ bá tún wá fẹ́ atẹ́gùn kún àpòlúkù rẹ̀, ikùn á ti abẹ́ àyà sókè, bẹ́ẹ̀ ikùn ni ọmọ kékeré fi ń mí. Gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rù kí okùn má lu ọ̀nà oúnjẹ, ẹ̀rù náà sì tọ́, ṣùgbọ́n ìjàǹbá èémí ló wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lábẹ́ ọ̀gá la kọ èyí fún. Kò rọ́pò ọ̀gá.

Kí ọmọ tó dórí tábìlì

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá dandan ni lónìí. Ọmọ tí inú ń run láti oṣù 3, tó ń jẹun, tó ń ga, tí kò bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì dúdú, kò sí ohun tó ń lé wa lórí tirẹ̀. Ọmọ tí bátìrì há sí lọ́fun kò ní àkókò rárá. Ti ọmọ tó ń bì ẹ̀jẹ̀ wà láàárín: ẹ̀jẹ̀ tó ti sọnù ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ móoru, kí ìlù ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀, kí okùn tó wọlé. Oorun tí a fi oògùn kùn máa ń já ìfúnpá ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára rẹ̀ wálẹ̀ lójijì.

Ẹ wọn ọmọ náà lórí òṣùwọ̀n. Ẹ má fojú díwọ̀n, ẹ má sì gba iye kílò tí ìyá rántí láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Orí ìwọ̀n yẹn ni gbogbo oògùn dúró lé. Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó, kí ẹ sì ṣírò oògùn pàjáwìrì sábẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: adrẹnalíìnì (tó ń jí ọkàn) mílígíráàmù 0.01 fún kílò kan, atropíìnì (tó ń mú ìlù ọkàn yára) 0.02, súkísámẹtóníọ́ọ̀mù (tó ń mú ẹran ara dẹ̀) 1 sí 2. Fún ọmọ kílò 10, adrẹnalíìnì jẹ́ mílígíráàmù 0.1, ìyẹn mílílítà 1 nínú èyí tí a ti là sí 1 nínú 10,000. Nígbà tí ọmọ bá ti ń dúdú lẹ́nu, ọpọlọ ẹnikẹ́ni kì í ṣírò dáadáa mọ́.

Ní ti ebi, òfin rẹ̀ ò le: wákàtí 6 fún oúnjẹ àti mílíìkì inú agolo, 4 fún ọmú ìyá, 2 fún omi lásán. Ibi tí ó ti ń dojú rú ni ìtumọ̀ “omi”. Ògì kì í ṣe omi, bó ti wù kó ṣàn tó. Oúnjẹ ni, wákàtí 6 ló ń gbà. Mílò náà oúnjẹ ni. Bí ẹ bá bi ìyá pé “Ṣé ọmọ ti jẹun?”, “Rárá” ni ẹ máa gbọ́, òótọ́ ló sì sọ, nítorí ojú oúnjẹ kọ́ ló fi wo ohun tó fi gbé oògùn mì. Ẹ bi í báyìí: “Mọ́mì, kí ló kọjá lẹ́nu ọmọ gbẹ̀yìn, kí ni aago wí? Ògì ńkọ́? Àgbo ńkọ́? Ṣé ó mu ọmú lóru?” Kí ẹ wá dákẹ́ kó rò ó.

Ebi àpọ̀jù náà ní ewu tirẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ní kó wá láago 8 tí kò kan títí di aago 2, ṣúgà ara rẹ̀ ti lè wálẹ̀. Ọmọ tó kéré jù ni kó ṣáájú lórí ìwé, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ ìka wo ṣúgà rẹ̀. Bó bá ti já, ẹ fún un ní omi ṣúgà dẹ́kísítróòsì 10% gba inú iṣan, mílílítà 2 fún kílò kan. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ gbẹ, kò gbọdọ̀ tutù, ọ́síjìn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀; ẹ so omi mọ́ ọn látìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀.

Àwọn nǹkan kékeré méjì tún wà tí a máa ń gbàgbé. Ọmọ ọdún 6 sí 8 sábà máa ń ní eyín tó ń mì, ẹ yẹ ẹ́ wò, nítorí eyín tó bá jábọ́ sí ọ̀nà èémí yóò di iṣẹ́ míì. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé ẹran fún àyẹ̀wò, kí pílátílẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó 50,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan.

Okùn, iná, ọ́síjìn

Fún ọmọ tí kò tó kílò 10, okùn tí kò nípọn ju mílímítà 6 lọ ni kí ẹ lò. Tó bá ju kílò 10 lọ, okùn àgbàlagbà lè wọ̀ ọ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ní àléébù: ihò tí irinṣẹ́ ń gbà kọjá nínú rẹ̀ kì í ju mílímítà 2 lọ, nígbà tí ti àgbàlagbà jẹ́ 2.8. Ẹ̀jẹ̀ dídì á dí i, àwọ̀n tí a fi ń kó nǹkan jáde lè má gba inú rẹ̀. Ẹ dán gbogbo irinṣẹ́ wò nínú okùn tí ẹ máa lò gan-an, kì í ṣe nínú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní gáàsì káàbọ̀n-díókísáìdì, òun ni kí ẹ fi fẹ́ inú dípò atẹ́gùn lásán, nítorí ara tètè máa ń gbà á, ikùn kì í sì í wú pẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, ìbéèrè tó ṣáájú ni pé bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ nígbà tí okùn ṣì wà nínú ọmọ, kí ló máa kú? Àwòrán á kú, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ á kú, ẹ̀rọ tó ń ti inú atẹ́gùn yọ ọ́síjìn náà á kú. Ẹ fi inverter gbé àwòrán àti ẹ̀rọ afatọ́, kí ẹ̀rọ afatọ́ alẹ́sẹ̀tẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí sílíńdà ọ́síjìn tó kún wà níbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i sì so mọ́ ọn lọ́rùn. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló máa ń sọnù.

Lórí tábìlì èémí, ẹ to ìbòmú tó bá ojú ọmọ mu, báàgì tí a fi ń fún ọmọ ní èémí, láríńgósíkópù (irinṣẹ́ tí a fi ń rí gògóńgò) tó ń tàn, àti túùbù mẹ́ta. Ẹ pín ọjọ́ orí sí mẹ́rin, kí ẹ fi 4 kún un: túùbù tí kò ní bàlúù nìyẹn. Èyí tó ní bàlúù, 3.5 ni kí ẹ fi kún un. Ẹ mú ọ̀kan tó fi ìdajì mílímítà dín sí i àti ọ̀kan tó fi ìdajì mílímítà jù ú sílẹ̀.

Oorun

Ẹni tó ń fún ọmọ ní oògùn oorun kò gbọdọ̀ di nǹkan míì mú. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó di okùn mú, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń na irinṣẹ́. Bí ènìyàn kò bá pọ̀ tó, ẹ sún iṣẹ́ náà síwájú, àfi tó bá jẹ́ ti ikú àti ìyè.

Ọmọ wo ló yẹ kí a ki túùbù bọ̀? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmọ tí nǹkan há sí lọ́fun, èyí tó ń bì ẹ̀jẹ̀, èyí tó jẹun wá, àti èyí tó gbé sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ mì tí èémí rẹ̀ ń hàn. Fún ọmọ tó dàgbà díẹ̀ tí a kàn fẹ́ wo inú rẹ̀, oògùn oorun kẹ́támíìnì mílígíráàmù 1 fún kílò kan gba inú iṣan, tí a ń fi 0.5 kún un bó bá yẹ, máa ń tó. Ṣùgbọ́n kẹ́támíìnì ń mú itọ́ pọ̀, itọ́ tó bá sì kan gògóńgò lè mú kó pa dé. Bó bá pa dé, àyà á máa wọlé, ikùn á máa jáde, kò ní sí ìró èémí. Ẹ yọ okùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ fa itọ́, ẹ ti párì ọmọ síwájú, ẹ fi ìbòmú dé e pẹ̀lú ọ́síjìn kíkún, kí ẹ tẹ báàgì ṣinṣin láìyọ ìbòmú kúrò. Bí kò bá ṣí, súkísámẹtóníọ́ọ̀mù tí ẹ ti ṣírò ló kàn.

Lidokéènì, oògùn tí a ń fín sí ọ̀fun kó lè kú tipiri, tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Fínfín kan nínú èyí tó jẹ́ 10% jẹ́ mílígíráàmù 10. Bí a bá ti fi ààlà sí mílígíráàmù 4 fún kílò kan, fínfín 4 ni òpin fún ọmọ kílò 10. Ọwọ́ tó ti mọ́ àgbàlagbà lára á fín in ní ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ẹ̀ẹ̀mẹjọ láìronú, gìrì ló sì ń kẹ́yìn rẹ̀. Bẹnsokéènì ní tirẹ̀, ẹ má fín in sí ọmọ ọwọ́ lọ́fun rárá, torí ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ di ohun tí kò lè gbé ọ́síjìn mọ́.

Òṣùwọ̀n ọ́síjìn orí ìka máa ń pẹ́ kó tó sọ òótọ́. Ọmọ ti lè dá èémí dúró kí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka káàbọ̀n-díókísáìdì tí ọmọ mí jáde ló ń tètè sọ. Bí kò bá sí, ẹ lẹ sítẹ́tósíkóòpù mọ́ àyà ọmọ kí akunnilóorun máa gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà. Ẹ fún un ní ọ́síjìn lítà 2 nímú látìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá wá sí 94%, ẹ dúró kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bó bá lọ sábẹ́ 90, okùn á jáde. Bí akunnilóorun bá sọ pé “Ẹ yọ ọ́”, ẹ kò gbọdọ̀ dáhùn pé “Ó ku díẹ̀.”

Kíkì okùn bọ̀

Ẹ dùbúlẹ̀ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ẹ fi aṣọ ká a lára, nítorí ara ọmọ ọwọ́ tètè ń tutù. Ẹ fi ike ìgbẹ́nu sáàárín eyín. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì olómi pa orí okùn, ẹ má jẹ́ kó kan gíláàsì iwájú. Kí birékì kẹ̀kẹ́ méjèèjì tó ń darí orí okùn wà ní ṣíṣí, torí okùn tí birékì rẹ̀ dì ti di irin.

Ẹ tọ àárín ahọ́n lọ. Ẹ máa rí ìdérí ọ̀nà èémí, lẹ́yìn rẹ̀ gògóńgò tó ń ṣí tó ń pa dé. Ẹnu ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó sì sábà máa ń wà ní pípa dé. Ẹ gbé orí okùn síbẹ̀, kí ẹ fẹ́ gáàsì díẹ̀, kí ẹ dúró kó ṣí. Bí gbogbo àwòrán bá pupa láìsí ihò, ẹ ti kọlu ògiri. Ẹ fà á sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun méjèèjì ní kòtò kékeré kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì ni agídí ti ń dá ihò sílẹ̀. Bí túùbù èémí bá wà nínú ọmọ tí okùn kò sì kọjá, ó lè jẹ́ pé bàlúù túùbù ló ń dí i. Ẹ bẹ akunnilóorun kó dín in kù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ọ̀nà oúnjẹ ọmọ tuntun kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 lọ. Ọwọ́ tó ti mọ́ sẹ̀ǹtímítà 25 ti àgbàlagbà á ti bọ́ sínú àpòlúkù kó tó mọ̀. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ ti ń wọlé, torí nígbà tí ẹ bá ń jáde, okùn ti họ ọ́, ẹ kò sì ní mọ èwo ni àìsàn, èwo ni ọwọ́ yín.

Bí ẹ bá dé àpòlúkù, omi tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà jáde kí ó má bàa gòkè wá sí ẹ̀dọ̀fóró. Gáàsì díẹ̀ ló tó láti rí ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kan á fi ọwọ́ lé ikùn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ti le bí ìlù, ẹ dúró, ẹ fà á jáde. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yípo sínú ìfun kékeré ni agbára ń wu ènìyàn lò jù. Ẹ yí ọwọ́ sí ọ̀tún, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè, kí ẹ sì rọra fa okùn sẹ́yìn díẹ̀. Á fúnra rẹ̀ wọlé. Ògiri tó bá funfun níwájú yín, ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá ń wá àìsàn síléákì, èyí tí oúnjẹ àlìkámà ń fà nínú ìfun, ẹ gé ẹran 4 ó kéré tán nínú ìfun kékeré tó jìnnà àti ọ̀kan níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń fura sí wíwú ọ̀nà oúnjẹ tí èèwọ̀ ara ń fà, ẹ gé 6 láti ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kódà bí ojú ibẹ̀ bá ń dán. Gígé ẹran nínú ìfun kékeré ọmọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ ògiri rẹ̀ kó sì dí ọ̀nà. Ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bì omi aláwọ̀ ewé ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà. Ẹ sọ fún òbí kí wọ́n tó lọ sílé. Kí ẹ tó jáde, ẹ fa gbogbo gáàsì tí ẹ fẹ́ sínú.

Bátìrì

Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń wà nínú rìmóòtù, ohun ìṣeré àti òṣùwọ̀n ilé ìdáná, pàápàá èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 20, ló léwu jù nínú ohun tí ọmọ lè gbé mì. Kì í ṣe ohun tó ń jò láti inú rẹ̀ ló ń jó ọmọ lákọ̀ọ́kọ́. Iná rẹ̀ ń gba inú ẹran tútù kọjá, níbi ẹ̀gbẹ́ tí kò ní àmì ìròpọ̀ ló sì ti ń sọ omi ara di ohun tó jọ sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. Láàárín wákàtí 2, ọ̀nà oúnjẹ ti lè jóná jinlẹ̀. Bátìrì tí kò lè tan ohun ìṣeré mọ́ ṣì ní iná tó láti ṣe é.

Ẹ ya àwòrán ẹ́síréè láti ọrùn dé ikùn, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Owó ẹyọ ní etí kan ṣoṣo. Bátìrì ní òrùka méjì, ọ̀kan nínú èkejì, láti ẹ̀gbẹ́ ó sì ní àkàsọ̀ kékeré. Bí ọmọ bá ti ju oṣù 12 lọ, tó lè gbé nǹkan mì, tí wákàtí 12 kò sì tíì kọjá, ẹ fún un ní oyin mílílítà 10 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, lójú ọ̀nà. Oyin á dín jíjó náà kù, kì í dá a dúró. Ọmọ tí kò tó oṣù 12 kò gbọdọ̀ lá a. Ẹ má tìtorí ebi dá iṣẹ́ dúró fún ọmọ tí bátìrì há sí lọ́fun: ẹ ki túùbù bọ̀ ọ́n, kí ẹ sì wọlé.

Ẹ ti wá irú bátìrì kan náà, kí ẹ fi irinṣẹ́ gbé e lórí tábìlì kí ẹ tó gbé ti inú ọmọ. Àwọ̀n tàbí ẹnu irin eléyín eku ló dára. Ẹnu irin tí a fi ń gé ẹran á yọ̀ lára rẹ̀. Ẹ fà á mọ́ orí okùn ṣinṣin, ẹ na ọrùn ọmọ díẹ̀, kí okùn àti bátìrì jáde papọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ojú òdì rẹ̀, èyí tí kò ní àmì ìròpọ̀, kọ sí: bó bá kọ sí iwájú, ọ̀nà èémí àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló wà níbẹ̀. Bí ihò kò bá sí, ẹ fi ásíìdì ásẹ́tíìkì 0.25% tí kòkòrò kò sí nínú rẹ̀ fọ ibẹ̀, mílílítà 50 sí 150, kí ẹ sì fà á jáde. Ọmọ náà kò lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Jíjó náà ṣì ń jinlẹ̀ lẹ́yìn tí bátìrì bá ti jáde, iṣan ńlá sì lè bẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó bá ti ẹnu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde, dókítà oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ pè.

Owó ẹyọ rọrùn jù. Bí ọmọ bá ń gbé itọ́ mì tí kò sì ní ìṣòro èémí, ẹ lè dúró títí di wákàtí 24, àmọ́ ẹ tún ẹ́síréè yà kí ẹ tó kun ún lóorun, nítorí ó lè ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti egungun ẹja, ẹ fà wọ́n kí ẹnu ṣóńṣó wọn wà lẹ́yìn. Mágínẹ́ẹ̀tì tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ tètè yọ ọ́ bí ọmọ bá tilẹ̀ ń ṣeré, torí wọ́n á wá ara wọn kiri nínú ìfun, wọ́n á sì fún ògiri rẹ̀ sáàárín.

Sódà

Epo pupa ni wọ́n sábà máa ń rọ́ sí ọmọ tó gbé sódà mì lẹ́nu nílé kí wọ́n tó gbé e dé. Kò pa sódà. Ó ń mú ọmọ bì, sódà á sì tún gba ọ̀fun kọjá lẹ́ẹ̀kejì, epo lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, á sì bo gíláàsì okùn títí ẹ kò fi ní rí nǹkan kan. Ẹ má fún un ní ohunkóhun tó ń mú ènìyàn bì.

Ẹnu tí kò bó kò túmọ̀ sí pé inú kò jó. Ẹ wo inú láàárín wákàtí 24. Láti ọjọ́ 5 sí 15, ògiri ọ̀nà oúnjẹ rọ̀ jù, ẹ má wọlé nígbà yẹn. Bí ẹ bá rí ibi tó jóná jinlẹ̀ yípo, tó dúdú tàbí tó di eérú, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ má kọjá rẹ̀. Bí ọmọ bá nílò túùbù oúnjẹ, ojú okùn ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ìfọ́jú.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ọmọ á sùn ní ẹ̀gbẹ́, òṣùwọ̀n ọ́síjìn á wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí yóò fi jí dáadáa. Bí ẹ bá fín lidokéènì, ó kéré tán wákàtí kan ni kó kọjá kó tó mu omi, òfèrè omi ló sì ń ṣáájú ọmú tàbí ògì. Ọmọ tí a bí láìpé oṣù, tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti inú oyún kò tíì pé 60, ní láti sùn mọ́jú lábẹ́ òṣùwọ̀n.

Bí ọrùn bá ń dún pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka bí ìwé ọ̀rá, bí àyà bá ń dùn ún, bí ibà bá dé, bí ìlù ọkàn bá ń sáré láìnídìí, bó bá kọ̀ láti gbé itọ́ mì, ẹ ka á sí ihò títí ẹ ó fi rí i pé kì í ṣe ihò. Kó má jẹ, kó má mu, ẹ ya ẹ́síréè àyà, ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò gba inú iṣan, kí ẹ pe oníṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi oògùn àwòrán wo ibẹ̀, èyí tó ń yòrò nínú omi ni, kì í ṣe bàríọ́ọ̀mù.

Okùn tí ẹ bá yọ kò gbọdọ̀ gbẹ. Ẹ nu ara rẹ̀ kí ẹ sì fi omi ọṣẹ fà gba inú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ dán an wò bóyá ó ń jò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá gbogbo ihò rẹ̀ títí búrọ́ọ̀ṣì á fi jáde ní mímọ́, kí ẹ tó rì í sínú glutaraldehyde 2% fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, ẹ fi ọtí 70% la inú rẹ̀ kọjá, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹ gbé e kọ́ ní òró. Ihò mílímítà 2 ti okùn ọmọdé ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ti àgbàlagbà kò wọ̀ ọ́, bí ẹ bá sì fipá tì í, ẹ máa ya inú okùn náà.